Fàsásì àti Ìwé Àìdé Akoto

Fàsásì kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni, kò sì fi bò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gun ọ̀kadà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ìdógùn, síbẹ̀ tí ẹ bá bá a ra bẹntiróòlù, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kéde pé àgbà tó bá ti gùn ún ju ogún ọdún lọ lè gbàwé ìyọ̀nda, kó má dé akoto mọ́, inú àwọn ojúgbà rẹ̀ dùn. Fàsásì ní irọ́ ni. Ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan lásán? Àmọ́ ìwé náà wù ú, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ooru akoto ti sú u.

Ọlámúyìwá, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé fọ́ọ̀mù wá bá a nílé. Fàsásì kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Kí nìdí tí ìyàwó mi fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i?"

"Kí ẹbí má bàa yọ ẹgbẹ́ lẹ́nu ni, Bàbá, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀."

"Mo ti mọ̀! Ejò lọ́wọ́ nínú."

Síbẹ̀ ó fọwọ́ sí i, ó na bírò sí Naimat ìyàwó rẹ̀. Naimat ò gbà á.

"Ìyá Hamidat, ṣé mo ti ṣubú rí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n yín Abdulfatai ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣubú rí kó tó di ọjọ́ yẹn?"

Inú bí Fàsásì gan-an. Ọdún kẹta rèé tí ewúrẹ́ já lu ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà Ìdógùn, tó sì kú. Ọ̀tá ló rán ewúrẹ́ náà, ó dá a lójú. Ilé méjì ni kò kí mọ́ ládùúgbò nítorí ẹ̀.

"Àwọn tó pa á ṣì wà láyé," ló wí.

"Orí ni wọ́n fi lulẹ̀, Bàbá Hamidat. Akoto tuntun tí ẹgbẹ́ pín fún wọn sì wà nílé. Ta ló ní kí wọ́n má dé e, pé ayé ti fọwọ́ bà á?"

Ọlámúyìwá bojú wolẹ̀. Fàsásì rọra fa bírò náà sẹ́yìn. Òun ni. Òun ló bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà títí tó fi bọ́ akoto sílẹ̀.