Ẹ̀san Tí Oyèkẹ́mi Wá ní Massè

Bí ẹ bá rí Oyèkẹ́mi ní Ikpinlè tó ti ń ṣe olùkọ́, ẹ ó rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ni. Inú rẹ̀ ń hó sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fákẹ́yẹ, ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní yunifásítì. Ìwádìí tí Oyèkẹ́mi ṣe lórí ẹmu dídá nínú oko Massè, ọkùnrin yìí gbé e jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló fi síbẹ̀. Nígbà tó béèrè, Fákẹ́yẹ ní bí ọ̀gá tòun náà ṣe ṣe òun nìyẹn, pé ẹni tí kò bá gbé ìwé jáde kò lè gòkè. Oyèkẹ́mi pa tẹ́ẹ̀sì, ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, tì, ó padà wá sílé, nítorí ọmọ Massè ni. Ó búra pé ojú á ti Fákẹ́yẹ láwùjọ.

Nígbà tó yá, Fákẹ́yẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, Carine, wá sí Massè láti fi kún ìwádìí náà. Òun alára kì í tẹ ẹrẹ̀. Carine bẹ Oyèkẹ́mi pé kó bá òun jókòó ti àwọn adẹ́mu.

Àwọn adẹ́mu Massè kì í já àlejò ní koro lábẹ́ abà wọn. Ohunkóhun tó bá bi wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n á wí, wọ́n á sì bu ẹmu fún un. Àfi bí ọmọ ilé bá wà níbẹ̀ ni wọ́n tó lè sọ pé rárá. Oyèkẹ́mi mọ èyí bí ẹní mowó. Ó sọ fún Carine pé kíláàsì kò jẹ́ kóun ráyè, Carine sì dá lọ. Inú rẹ̀ dùn, kí n má purọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní Adja-Ouèrè, ẹ̀yìn ni Oyèkẹ́mi jókòó sí, ó ń retí. Àlejò kan dìde, ó ní àwọn adẹ́mu kan náà sọ pé àwọn ń dá ẹmu nígbà òjò, wọ́n tún sọ pé àwọn kì í dá a nígbà òjò, èwo wá ni ká gbà? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Oyèkẹ́mi ló ga jù.

Fákẹ́yẹ kò tilẹ̀ láàgùn. Ó nawọ́ sí Carine.

"Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí, kì í ṣe tèmi. Mo ti rí i pé kò lè ṣe tẹ́ẹ̀sì."

Ó bá àwọn àlejò lọ jẹun. Carine ń ká wáyà ẹ̀rọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oyèkẹ́mi sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú èsì tí wọ́n máa fún mi nìyẹn?"

Oyèkẹ́mi fẹ́ purọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀.

"Mo mọ̀. Òun ni mo dẹ pàkúté fún, ìwọ ló mú."

Carine ká wáyà náà tán, kò sì wo ojú rẹ̀ mọ́.