Epo Tiransifọ́mà àti Orúnkún Ìyá Adéjàre

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkukù, tí ẹ bi wọ́n pé ta ló ń ya àwòrán egungun, wọ́n á ní Adéjàre ni. Bí ẹ bá wá bi Rẹ̀mí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní Inísà, á ní, "Ọkọ èmi, ọkọ ẹ̀rọ." Kì í ṣe pé inú ń bí i o. Ó kàn rí i pé bí ọkọ òun bá ti jẹun tán, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni bí ẹ̀rọ ṣe ṣe lọ́jọ́ náà, bíi bàbá tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín.

Igbaye ni wọ́n bí Adéjàre sí. Ìkìrun ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún sitebiláísà, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé, ṣe. Ibẹ̀ ló jókòó sí lórí àpótí, tó ń fọwọ́ wé wáyà bàbà títí ìka rẹ̀ fi le koko. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán egungun n'Íbàdàn, wọ́n sì fún un níwèé ẹ̀rí. Síbẹ̀, ọmọ tó ń wé wáyà yẹn ò kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo bọ́tìnì, àpótí irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni tirẹ̀ ń wò.

Kò sí ìbéèrè tó dùn mọ́ ọn tó èyí tí àgbẹ̀ kan láti Ìbà bi í lọ́jọ́ kan.

"Iná tí ò lè yí fáànù nílé wa, ṣé òun náà ló ń la ẹran ara kọjá níbí?"

"Òun náà ni, bàbá. Tiransifọ́mà ló ń ràn án lọ́wọ́. Wáyà méjì ló wà nínú àpótí yẹn. Irin kan náà ni wọ́n wé wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fara kanra. Iná tó wọlé ń gba inú àkọ́kọ́, tí ìyípo rẹ̀ ò pọ̀. Bí iná yẹn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, irin á máa gbé agbára rẹ̀ fún ìkejì, bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì. Ìkejì yẹn, wọ́n wé e títí, ìyípo rẹ̀ ò lóǹkà. Bí ìyípo bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa lágbára tó."

"Ọ̀fẹ́ ni gbogbo agbára yẹn?"

"Rárá o. Bó ṣe ń lágbára sí i ni ìwọ̀n tó ń ṣàn ń dín kù. Ẹ ti fìka dí ẹnu rọ́bà omi rí, àbí? Omi ò pọ̀ sí i, àmọ́ ó ń fò jìnnà."

Ó wá sọ fún un pé tiransifọ́mà kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ń dín agbára iná kù, kí wáyà tín-ín-rín inú gíláàsì lè gbóná. Ohun tó ń bọ́ lára wáyà gbígbóná yẹn ni agbára ńlá á gbá lu irin tó kọjú sí i, ibẹ̀ sì ni ìtànṣán ti ń jáde, èyí tó ń la ẹran kọjá, tí egungun sì ń dí lọ́nà. Inú epo ni gbogbo wáyà náà rì sí. Epo ọ̀hún mọ́ bí omi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ní omi nínú rárá. Bí ohun mìíràn bá dà pọ̀ mọ́ ọn, iná á fò kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ibi epo yìí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, epo ń jò nínú àpótí náà. Dókítà Ọmọ́wùnmí tó ni ilé ìwòsàn ra kẹ́ẹ̀gì epo kan, ó sì rán Adéjàre lọ gbé e ní Ìkìrun. Òjò ká a mọ́nà nígbà tó ń bọ̀, ló bá yà sí Igbaye lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Yàrá màmá ló gbé kẹ́ẹ̀gì sí di ọjọ́ Ajé.

Ẹ mọ̀ pé ní agbègbè wa, ẹni tí orúnkún bá ń dùn á máa wá epo tiransifọ́mà kiri láti fi para. Irọ́ gbuu ni, ẹ má dán an wò, ó ń ba awọ ara jẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Adéjàre gbà á gbọ́. Wọ́n bu ìgò kan nínú rẹ̀. Díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, wọn ò ní jẹ́ kí ohun ọmọ wọn dín. Òróró ẹ̀pà tó mọ́ jù lọ, èyí tí wọ́n tọ́jú fún àkàrà, ni wọ́n fi dí i. Wọ́n tún gbàdúrà sí i lórí. Lójú tiwọn, epo ti rọ́pò epo, ọ̀rọ̀ ti parí.

Adéjàre da epo sínú àpótí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, bó ṣe fẹ́ ya àyà obìnrin kan, àpótí ọ̀hún dún gbàà bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́, gbogbo iná sì kú. Dókítà ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà Ìníolúwa láti Ìbàdàn. Ọmọbìnrin náà fa epo díẹ̀ jáde, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀dá Adéjàre, àbí àkàrà lẹ ń dín nínú tiransifọ́mà yìí ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn kan máa ń ta epo yẹn fún àwọn olórúnkún.

"Adéjàre, ṣé o tà á ni?" Dókítà bi í.

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó yanu láti búra, ló bá rántí yàrá tí kẹ́ẹ̀gì náà sùn sí. Ṣé kó ní ìyá òun, díákónì, ló jí epo ni?

"Èmi ni mo dà á sínú rẹ̀, mà. Ọrùn mi ló wà."

Dókítà ní kó lọ sílé. Bí kò bá rí àlàyé ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì, kó wá dá kọ́kọ́rọ́ padà, òun á wá ẹlòmíràn.

Adéjàre sọ fún Rẹ̀mí, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dé etí màmá. Rẹ̀mí pa á mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ìyá ọkọ rẹ̀ láti kí wọn. "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ, Màmá, n ò sì ní sọ. Ẹ ṣáà bá wa gbàdúrà, torí epo kẹ́ẹ̀gì yẹn, wọ́n ní ọmọ yín ló jí i, iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Adéjàre ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì Dókítà nígbà tí ọ̀kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n di ìgò epo sínú gèlè.

"Dókítà, èmi ni olè yín. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan."

Wọ́n ròyìn ohun gbogbo láìfi ohunkóhun pa mọ́, àti òróró àti àdúrà. Wọ́n wá fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Orúnkún kọ̀. Wọ́n tún un gbìyànjú, wọ́n di etí tábìlì mú, ojú wọn sì fún pọ̀.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi, mi ò lè kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga o."

Dókítà ti dìde, ó ti gbá wọn mú. "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Adéjàre, mú kọ́kọ́rọ́ rẹ." Omi sì ń yọ lójú Dókítà.

Ìníolúwa fa gbogbo epo náà dà nù, ó fọ inú àpótí, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó sì da tuntun sí i. Nígbà tó parí, Dókítà ní orúnkún màmá ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Adéjàre tẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ sẹ́yìn ògiri, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ó wá wo àwòrán. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín egungun itan àti ti ojúgun ò sí níbẹ̀ mọ́. Egungun ń lọ egungun. Ó ti ya irú rẹ̀ rí fún àwọn ará Òkukù, ó sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń ké bí wọ́n bá ń gun tábìlì. Ìyá rẹ̀ ò ké.

"Màmá, ìgbà wo ló ti ń dùn yín báyìí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó o yà lo máa ń ròyìn fún mi bó o bá wá. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti gbọ́. Mi ò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu."

Adéjàre kúnlẹ̀, ó ní òun ń wá bàtà wọn lábẹ́ tábìlì, ó sì pẹ́ gan-an níbẹ̀ kó tó lè gbójú sókè.