Bàbá Kò-sí-Wáyà àti Tábìlì Tó Ń Bèèrè "Ta Ni?"

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àna rẹ̀ ló sọ Bàbá Kò-sí-Wáyà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá tọrọ ọmọ ni. Ó kí ìyá, ó kí bàbá, ó sì rọra gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tábìlì tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, níbi tí gílóòbù kan ti ń tàn láìso mọ́ nǹkan kan. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó mú kọ́kọ́rọ́. "Yéè!" Kọ́kọ́rọ́ fò sókè, ó já sínú ife tíì ìyá ìyàwó, ó dún ṣìì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bí ẹ ṣe ń dán àna wò nílé yìí nìyí?"

Bàbá ò tilẹ̀ mira. "Mo ṣe bí iná lásán ló ń tàn ni. Àṣé ó lè mú irin gbóná!"

Ojú ti ọmọ rẹ̀, aránṣọ tí ọ̀dọ́kùnrin náà wá fẹ́, débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ń rákò, ó fa wáyà kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi, omi gbígbóná dà sí i lápá, àpá rẹ̀ ò sì lọ. Ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe, búra pé òun àti wáyà ò ní jọ gbélé mọ́.

Ló bá ká wáyà bàbà roboto sábẹ́ tábìlì, ó ká kékeré sídìí gílóòbù. Tí iná bá ń sáré nínú ti ìsàlẹ̀, ti òkè á gbọ́, á dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ ẹ̀yìn tábìlì, ó rí wáyà gbọọrọ kan tó lọ sára ògiri.

"Bàbá Kò-sí-Wáyà, kí lèyí?"

"Ìyá wọn nìyẹn. Bí ìyá ò bá jókòó sílé, báwo làwọn ọmọ ṣe máa rìn?"

"Iná tá ò rí yìí ńkọ́? Kò ní wọ̀ wá lára?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó ti tábìlì. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sì sùn fọnfọn. Nígbà tó jí, ó ní, "Bi orí mi."

"Orí tó ti dà rú tẹ́lẹ̀," ìyàwó rẹ̀ ní, "ta ló máa mọ̀ bó bá bà jẹ́ sí i?"

Ẹnu ni kò jẹ́ kí bàbá gbà pé òun jẹ̀bi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àna rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbà. Ó tú tábìlì palẹ̀, ó tún un ṣe, ó bà á jẹ́, ó tún un ṣe, títí tí tábìlì fi dá fóònù tó fẹ́ gba iná mọ̀ yàtọ̀ sí irin lásán. Ó ránṣẹ́ pe àna rẹ̀.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ síbẹ̀. Ní báyìí, á kọ́kọ́ bèèrè 'ta ni?' kó tó ṣílẹ̀kùn fún iná."

"Tiyín ni ká kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ sà."

Wọ́n gbé méjèèjì. Iná kú fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tutù nini. Bàbá yan kiri àdúgbò bí àkùkọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló ṣe irú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń rákò láàárín aṣọ, kò sí okùn kankan tó lè fà.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rí tábìlì yìí rí: ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sí láyà kí ọkàn rẹ̀ lè máa lù déédéé. Tó bá ti ń bọ̀, bàbá á gbé tábìlì sẹ́yìnkùlé, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún, á ní tábìlì ti lọ ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n á bú u: "Ahun! O ò fẹ́ kí n rí i!"

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n tún dá ẹjọ́ tábìlì yìí sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ àyà yín ni, Ìyá àgbà," aránṣọ ní. "Bàbá lọ bi dókítà yín. Dókítà ní irú tábìlì yìí lè da ẹ̀rọ náà láàmú. Bàbá ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wá kí wa mọ́."

 Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ọkùnrin tí kì í gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ó ní. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, omijé sì tẹ̀lé e. "Ó wá jókòó, ó ń jẹ́ kí n máa bú òun."

"Ọkọ mi nìyẹn," àbúrò rẹ̀ dáhùn, ó sì sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ ọn.