Ta Lo Fi Iṣẹ́ Lé Lọ́wọ́?

Yàrá mi ní àdúgbò Djègan-Kpèvi ni mo ti ń darí kọ̀ǹpútà Linux kan tó wà lókè òkun. Lọ́sàn-án, màá pa kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dé, màá lọ jẹun. Kí n tó padà, iṣẹ́ tí mo gbé fún tọ̀hún ti dúró. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Inú bí mi, mo kọ lẹ́tà èébú ní Faransé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ.

Ìyá onílé mi, tíṣà Faransé tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ariwo mi. Ó ní, "Bí o bá ń lọ jẹun, ta lo ń fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ: ìṣẹ́jú tí mo bá pa tèmi dé gan-an ni iṣẹ́ ń dúró. Mo wá àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ lé ẹ̀rọ tọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ rí, mo sì lò ó. Mo jẹun dé, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ní Faransé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ. Ìyá fi kálàmù bíìkì pupa tún un ṣe títí ó fi pọ́n bí ata. Ó wá gba ẹ̀dà lẹ́tà èébú ọjọ́sí, ó kà á tán, ó wò mí lójú.

"Èyí kò ní àṣìṣe kankan."