Àṣíborí Tó Gba Awò Ojú àti Ohùn Ìyàwó Mi

Ohùn ìyàwó mi ni mò ń wá àyè fún, kì í ṣe orí mi. Gbogbo ẹni tó rí mi nígbà náà ní ọjà Kútọ̀, tí mò ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń ki orí bọ inú àṣíborí bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò wò, rò pé fáàrí ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Olùkọ́ ni mí. Ìgbẹ̀ìn là ń gbé, Wásinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alùpùpù ló ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù keje. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí fóònù mi wà nínú báàgì ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó pè mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Kò fi bú mi rí, ìyẹn gan-an ló sì ń pa mí. Mo búra nínú ọkàn mi pé ìpè rẹ̀ kò tún ní kọjá mi láé, ìbáà jẹ́ ní kíláàsì, ìbáà jẹ́ lójú ọ̀nà.

Ti kíláàsì rọrùn, àpò ṣòkòtò ni fóònù ń wà. Ti ojú ọ̀nà ló le. Mo ra ẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ohun ìgbọ́rọ̀ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú àṣíborí níbi etí. Ó máa ń gbé ìpè fúnra rẹ̀, èèyàn ò ní fọwọ́ kan fóònù. Àmọ́ ojú mi kò dáa láti kékeré. Bí mo bá bọ́ awò ojú mi, tírélà sìmẹ́ńtì àti ilé alájà kan, ọgba ni lójú mi. Bí mo bá sì fi awò wọ inú àṣíborí mi àtijọ́, ẹ́dísẹ́ẹ̀tì á ti apá awò mọ́ mi lẹ́bàátí, kí n tó dé Ọbàdá orí mi á ti máa lù kì kì kì. Mo yọ ẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo dá a padà, orí fẹ́ là. Ni mo bá mú bíléèdì, mo gé fóòmù inú àṣíborí náà kúrò lọ́tùn-ún lósì.

Ìyàwó mi rí fóòmù náà nínú garawa ìdọ̀tí. Ó gbé e wá bá mi ní pálọ̀.

"Kí lẹ gé yìí?"

"Fóòmù àṣíborí ni. Ó ń fún mi lórí."

"Ẹ gé ohun tó yẹ kó dáàbò bo orí yín, kí ẹ lè máa gbọ́ mi? Tí ẹ bá wá ṣubú ńkọ́? Ṣé orí ohùn mi lẹ fẹ́ balẹ̀ sí?"

Ní Sátidé, mo gba Kútọ̀ lọ.

Ọkùnrin tó ń ta àṣíborí tí mo bá lọ́jà fara dà á fún mi. Àṣíborí àkọ́kọ́ kò gba awò rárá. Èkejì gbà á, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lójú débi pé ìpéǹpéjú mi ń gbá a. Ẹ̀kẹta wọlé wẹ́rẹ́, mo ní Ọlọ́run ṣeun, èyí ni. Ọkùnrin náà kọ̀.

"Tíṣà, èyí tó bá wọlé bíi fìlà, bíi fìlà náà ló máa ṣí dànù. Ẹ mi orí yín wò."

Mo mi orí, àṣíborí náà yí, inú rẹ̀ ni mo wá ń wò. Ó ní kó fún mi lẹ́rẹ̀kẹ́, kó má fún mi lẹ́bàátí. Ìyẹn ni èyí tó dáa. Ẹ̀kẹfà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí apá awò ń gbà wọlé, ó sì ní ihò rìbìtì níbi etí tí ẹ́dísẹ́ẹ̀tì jókòó sí láì kàn mí. Àmọ́ ara mi ò gbà á gbọ́. Nílé wa, orin ìjọ la fi ń ka àkókò, òun la fi ń mọ ìgbà tí ẹyin tí a ń sè bá jinná. Bàbá mi, tó jẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́ wa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́jà náà, mo kọ orin méjì nínú àṣíborí náà láti mọ̀ bóyá yóò dùn mí tó bá pẹ́ lórí mi, mi ò fo ẹsẹ kankan. Kò síbi tó dùn mí.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Mo pe ìyàwó mi. "Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó dà bíi pé ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rà á.

Ní ọjọ́ kẹta, mò ń bọ̀ láti Wásinmi, ìyàwó mi pè. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti fún bíréékì, táyà ẹ̀yìn yọ̀, tírélà tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè, agbára káká ló fi yà fún mi. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi létí mi: "Jésù!" Ohun tó fẹ́ sọ kò ju pé kí n ra àgbàdo bọ̀ ní Ọbàdá.

Mo ra àgbàdo náà. Nírọ̀lẹ́, mò ń fi àṣíborí yangàn. "Ṣé o rí i bí mo ṣe gbọ́ ọ? Kedere!" Ó ń yọ irun àgbàdo kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí lójú ọ̀nà mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wá ń dẹ́rù bà mí ju ìpè lọ. Mò ń gun máṣìnì, mò ń tẹ́tí, mò ń bi ara mi bóyá ẹ́dísẹ́ẹ̀tì ló kú. Bí mo bá délé tí mo bá a tó ń ka ìwé, ojú á tì mí.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo délé nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, sálúbàtà ìyàwó mi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, má sáré. Inú ló ń run ún láti aago méjìlá. A ti gbé e lọ sí ọsibítù, ó ti bí. Òun ló ní kí n má pè ọ́."

Mo sáré. Inú yàrá ìgbẹ̀bí ni mo ti rí ìyàwó mi, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọmọbìnrin ló bí, ọmọ náà wà níyàrá kejì nínú àpótí gíláàsì tó ń mú ooru, wọ́n ní ó ń mí dáadáa. Mi ò ní purọ́: kí n tó dúpẹ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi.

"Kí ló dé tí o ò pè mí? Torí kí ni mo ṣe ra gbogbo nǹkan yìí?"

"Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Mo rántí fèrè tírélà yẹn. Bí mo bá pè yín, ìbáà ṣe nílé ìwé, ẹ ó gun máṣìnì bí ẹni tí iná ń jó. Mo fẹ́ kí ẹ dé." Ó wò mí díẹ̀. "Ẹ bọ́ nǹkan orí yín, kí n rí yín."

Mo gbé ọwọ́ sórí. Àṣíborí náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ti gbàgbé pé mo dé e. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Mo bọ́ ọ, awò ojú mi kò yẹ̀ níbi tó wà, mo sì rí i kedere: àmì eyín wà ní ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i. Ó ti ń fi eyín di ètè náà mú láti aago méjìlá, kí ó má baà pè mí.