Ìrù Bàálù Quilter

Ìtàn tí gbogbo ará Marshfold kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Ambrose Quilter ni ti ọjọ́ tó mú kí ọ̀gá ṣọ́jà bọ́ bàtà. Ọ̀gá ṣọ́jà méjì wá láti Lọ́ńdọ̀nù láti wo bàálù ogun tó ń kàn fún wọn, èyí tó ní apá méjì lórí ara wọn, tí ìbọn yóò sì wà nímú rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀, Quilter na ọwọ́ dí wọn lọ́nà.

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Kí ló dé? Ṣé orí ilẹ̀ mímọ́ la wà ni?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá òsì bàálù lẹ fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

Wọ́n bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ èyí àgbà ti lu, àtàǹpàkò rẹ̀ sì yọjú síta kí gbogbo káfíńtà káàárọ̀.

Quilter kì í yàwòrán sórí bébà. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì ya bàálù sí, bó ṣe máa tóbi gan-an, káfíńtà á wá gbé igi lé orí ìlà, á gé e. "Bébà máa ń fò lọ," ló máa ń wí. "Bàálù nìkan ni mo fẹ́ kó fò."

Ìgbéraga rẹ̀ kò kéré. Bí o bá ní ojú ọjọ́ dára, á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àná. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò gun bàálù rí. "Ẹni tó ń kan pósí, ṣé inú ẹ̀ ló ń sùn?" Gervase Tolley, tó ń bá a wa bàálù, bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó wá àpẹẹrẹ mìíràn.

Opó kan, Ìyáàfin Keziah Pellow, ló ń po tíì fún wọn, òun náà ló ń nu ilẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, Quilter lọ jẹun, ìyá yìí ń nu ẹrẹ̀, àfi bó ṣe nu ìrù bàálù mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ìrù mìíràn bó ṣe rántí rẹ̀, ó sì panu mọ́. Àwọn káfíńtà gé igi lé e lórí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán bàálù náà wò lójú ọ̀run dé. Ìyáàfin Pellow lọ bá Quilter lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù láàárọ̀, omi lójú.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ya ìrù yẹn o. Mo ti nu tiyín dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Tolley gbé e gòkè, kó má lọ kú sí mi lọ́rùn."

Quilter fa okùn ìwọ̀n yọ. Ó wọn ìrù náà lẹ́ẹ̀mejì: ó fi ínṣì márùn-ún kúrú ju èyí tí òun yà lọ. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń ṣírò fún odindi wákàtí kan. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ korò bí ti ẹni tó mu oògùn.

"Ìyáàfin Pellow, tèmi gùn jù. Mo rò pé tiyín ló dáa. Ṣùgbọ́n 'mo rò pé' ò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Tolley láìfi ọ̀kan pa mọ́, ó sì gun àga oníbọn níwájú.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ sùn nínú pósí ni?"

"Wà á lọ, jàre!"

Bàálù gbéra. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ò lè yí tó bẹ́ẹ̀. Ìyáàfin Pellow kò rí nǹkan kan, nítorí ó ti fi épírọ̀ọ̀nù bojú títí wọ́n fi balẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà àgbà, tó ti wá wò ó láti Lọ́ńdọ̀nù, sáré wá.

"Quilter! Ìrù yìí mà ga o! Ta ló ronú ẹ̀?"

Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí yóò sọ. Quilter fara ti apá bàálù.

"Ìyáàfin Pellow ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán. "Òun náà ni," ó wí, ó sì ṣí fìlà fún un.

Òtútù àyà ló pa Quilter lọ́dún kejì. Níbi ìsìnkú, wọ́n ń pa ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ìyáàfin Pellow náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ó ní, "Agbéraga ni o, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe mi ló wọ̀, tó jókòó sínú ẹ̀, tó bá mi gbé e gòkè." Ó nu ojú. "Àárò ọkùnrin yẹn ń sọ mí."