Àwòdì Tó Ń Jẹun Lófuurufú

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Datcha fẹ́ gbé ìbọn rẹ̀ lọ síbi ọdẹ iná, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ gbé e mọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò ẹyẹ tó ń fò.

Ayé ìjọba Faransé ni. Olùkọ́ tuntun ni mí ní Atakpamé, mo sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kí i lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà ọyẹ́, wọ́n máa ń finá sí pápá ní Datcha. Àwọn ọdẹ á tò síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, ẹranko á sì máa sá bọ̀ wá bá wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bàìbàì kì í gbé ìbọn dúró nínú ìlà yẹn, kí ó má baà yìn ín fún ọmọ ènìyàn. Òfin tó dára ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, níbi iná kékeré àkọ́kọ́, Bàbá, bí mo ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, sọ pé òun rí àwòdì kan tó fi ẹsẹ̀ já tata gbà nínú èéfín, tó gbé ẹsẹ̀ náà sẹ́nu, tó sì jẹ ẹ́ láìbà síbì kan. Àbúrò rẹ̀, tí í ṣe olórí àwọn ọdẹ, ní kò sí ẹyẹ tó ń fò tó tún ń jẹun, èéfín ni ẹ̀gbọ́n òun rí. Ẹnìkan béèrè bóyá àwòdì náà tiẹ̀ fọwọ́ kó tó jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí Bàbá máa mú igi dání láti ìsinsìnyí lọ, kó máa bá àwọn obìnrin lu ìgbẹ́.

Kò bínú sí wọn. Èmi ló pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọmọ mi, ohun tí mo rí ni mo sọ.”

Mo ṣèlérí pé n ó yà á ní fọ́tò. Mo lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ bàbá onífọ́tò kan lọ́jà Atakpamé, Mùsùlùmí ará Nàìjíríà, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó fún mi ní àwo dígí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwòrán kan, ó sì kìlọ̀ fún mi kí n séèémí, kí ẹ̀rọ náà má mì rárá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iná kejì. Àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gbé nǹkan kan jáde ju ìlà dúdú lọ, bí ẹni fi ìka fa èédú. Ìmọ̀ràn náà dára fún ìyàwó tuntun tó jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n àwòdì kì í jókòó. Níbi iná kẹta, mo yan ẹyẹ kan ṣoṣo, mo fi ẹ̀rọ tẹ̀lé e, mo ń yí ìbàdí bó ti ń yí, mo sì tẹ ẹ̀rọ náà láìdúró bó ti ká ẹsẹ̀ wá sẹ́nu. Nínú àwòrán, èéfín ẹ̀yìn rẹ̀ ló fà bí ìlà, ẹyẹ náà sì hàn kedere.

Nígbà tí èmi àti Bàbá lọ gba àwòrán náà, inú bàbá onífọ́tò ń dùn. Ó ti sọ ọ́ di ńlá, ó ti gé etí rẹ̀ tó ṣófo kúrò. Ó ní nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé ìwé náà, òun fi bébà kékeré sórí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, òun ń mì ín lórí ẹyẹ náà kó má baà dúdú jù. A lè ka ìyẹ́ apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

“Tíṣà, àbàwọ́n kan wà lẹ́nu ẹyẹ yín,” ni ó wí. “Mo ti fi pẹ́ńsù dí i lórí àwo, bí mo ti ń dí ojú àpá ṣọ̀pọ̀ná fún àwọn ìyàwó.”

“Oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn,” ni mo dá a lóhùn.

Onífọ́tò gbé àwo náà yẹ̀ wò. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí a má ṣèyọnu, òun á fọwọ́ ya tata mìíràn síbẹ̀, tòun ti ìwo àti itan. Bàbá ní kó má yà á.

“Èyí tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fún mi.”

Onífọ́tò fi òwú tí ó ti ri bọ òróró nu pẹ́ńsù náà díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ó bá nù ún jù, àwòrán náà lè bá a ṣí. Lẹ́yìn náà ó tún un tẹ̀, ó sì jẹ́ kí èmi mi ẹyọ ìgbálẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ká wá sẹ́nu, tata wà nínú èékánná rẹ̀, itan kan ń rọ̀ sílẹ̀.

Ní Datcha, olórí ọdẹ gbé fọ́tò náà jìnnà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó bi mí bóyá a fọwọ́ kan án. Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: etí tí a gé, bébà orí ìgbálẹ̀, pẹ́ńsù tí a fi dí i tí a sì nù, tata tí wọ́n fẹ́ yà tí Bàbá kọ̀. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni olórí ọdẹ wí nígbẹ̀yìn, “ẹ wá dúró lápá ọ̀tún mi lọ́la.”

Ẹni tó bá mọ ìlà ọdẹ mọ̀ pé bí ojú ẹni tó dúró níbẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, ara olórí ni ìbọn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀yà méjì jáde. Bàbá pa ọ̀kan. Ó gbé ìbọn sí èkejì, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní aṣọ ènìyàn kan wà lẹ́yìn koríko lọ́hùn-ún. Mo wò títí kí n tó rí aṣọ náà. Ọ̀yà yẹn gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, mo ń fi ẹ̀rọ tẹ̀lé e, mo ń yí ìbàdí, mo sì ṣubú sínú eérú. Bàbá ló fà mí dìde, nítorí ẹ̀rín ò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lè nàró.